Ọkùnrin Tí Ó Fi Ọkọ̀ Onígbòkun Ṣe Ilé

Bí ènìyàn bá ń dá gbé ní ìlú, tí iyọ̀ bá tán, yóò ké sí aládùúgbò. Bí ara rẹ̀ kò bá dá, ẹnì kan yóò wá kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n bí ilé ẹni bá jẹ́ ọkọ̀ kékeré ní àárín òkun ńkọ́? Ta ni yóò ké sí? Ẹ jẹ́ kí á ka ìtàn Joshua Slocum, kí á rí bí ó ti ṣe é.

Ọdún 1844 ni wọ́n bí Slocum ní ilẹ̀ Kánádà. Kò pẹ́ rárá ní ilé ìwé. Ọmọdé ni nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un kúrò níbẹ̀, pé kí ó wá máa bá òun ṣe bàtà. Nígbà tó yá, ó lọ ṣe iṣẹ́ ọkọ̀, ó sì di ọ̀gá ọkọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbòde, iṣẹ́ ọkọ̀ onígbòkun dín kù, Slocum kò sì ríṣẹ́ ṣe mọ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá fún un ní ògbólógbòó ọkọ̀ onígbòkun kan tí a ń pè ní Spray. Orí pápá ni ọkọ̀ náà wà, ó ti jẹrà. Slocum fi oṣù 13 tún un kàn. Owó tí ó ná lé e kò pé dọ́là 554. Gígùn rẹ̀ kò pé ẹsẹ̀ bàtà 37. Ilé tí ó fẹ́ máa gbé nìyẹn! Ẹ sì tún gbọ́ èyí o: Slocum kò mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin, ọdún 1895, ó kúrò ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, òun nìkan.

Kí ni ó ń jẹ? Ó ní pòtétò, bísíkítì, kọfí àti ẹja oníyọ̀. Ẹja náà bá pánla wa tan, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni wọ́n fi pa á mọ́. Níbi tí òkun bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹja tí ń fò a máa já sínú ọkọ̀ rẹ̀ lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò ṣà wọ́n, yóò sì fi wọ́n ṣe oúnjẹ àárọ̀.

Nígbà wo ni ó ń sùn? Bí ó bá ti ta ìgbòkun bí ó ti yẹ, yóò so ìtọ́kọ̀ mọ́lẹ̀, ọkọ̀ yóò sì máa lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó ń la òkun Íńdíà kọjá lọ sí erékùṣù Keeling, ọjọ́ 23 ni ó lò. Nínú gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, kò di ìtọ́kọ̀ mú ju wákàtí mẹ́ta lọ. Kí ni ó wá ń ṣe? Ó ń se oúnjẹ, ó ń lẹ aṣọ rẹ̀, ó sì ń kàwé.

Ìdánìkanwà kò rọrùn o. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń pariwo bi ẹni tí kò sí níbẹ̀ pé, níbo ni ọkọ̀ kọjú sí? Kò sí ẹni tó dáhùn. Ó fi ìyẹn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọrin.

Àìsàn ńkọ́? Ní erékùṣù Azores, wọ́n fún un ní èso àti wàràkàṣì. Ó jẹ ẹ́ yó. Inú rírun gbé e ṣánlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìjì ń jà lóde. Nígbà tí orí rẹ̀ wálẹ̀, ó rí i pé ọkọ̀ kò ṣìnà. Iṣẹ́ tí ó ti ṣe sára ọkọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le ni ó gbà á. Ó da ìyókù èso náà sómi.

Ní erékùṣù St. Helena, ẹnì kan fún un ní òbúkọ kí ó lè ní ẹlẹgbẹ́. Ẹlẹgbẹ́ burúkú! Ó jẹ akẹtẹ̀ Slocum, ó sì jẹ máàpù òkun tí ó kù níwájú. Slocum já a sílẹ̀ ní erékùṣù Ascension. Ṣùgbọ́n máàpù ti lọ. Ní òru kan, ó rí ohun funfun tí ń kọ mànà níwájú, ó rò pé omi ló ń fọ́ lórí àpáta. Ó ń sá fún un. Àṣé iná tí ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà ní Trinidad ni, ní òkèèrè réré!

Ó gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà, ọdún 1898. Ó ti rin máìlì tó ju 46,000 lọ. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó dá wa ọkọ̀ yí ayé ká. Ní ọdún 1900, ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀ jáde, ọmọ tí bàbá rẹ̀ mú kúrò ní ilé ìwé. Àwọn ènìyàn ṣì ń kà á títí di òní. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó tún gbé Spray lọ sókun, kò sì padà mọ́. Òkun kò mọ akọni.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe gbogbo wa ni yóò wọ òkun. Ṣùgbọ́n ìwé owó orí yín dà? Ìwé ilẹ̀ yín ńkọ́? Ẹ kó wọn síbi tí òbúkọ kò ti ní rí wọn.

Ìbéèrè
1. Kí ni Slocum máa ń ṣe sí ìtọ́kọ̀ kí ó tó sùn?
2. Kí ni ó gbà á nígbà tí inú ń run ún?
3. Ìpalára wo ni òbúkọ ṣe fún un?
4. Níbo ni ẹ̀yin ń kó àwọn ìwé pàtàkì yín sí?