ÀRÒKỌ ALÁPÈJÚWE: Ọ̀SẸ̀ KAN TÍ ÒKUN DÁKẸ́ RỌ́RỌ́

Ìbéèrè: Ṣe àpèjúwe bí ojú ọjọ́ àti ojú omi ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ kan tí òkun dákẹ́ rọ́rọ́ ní etí òkun kan tí o mọ̀.

Irú ìbéèrè yìí a máa dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbé etí omi rí, a sì máa tan èyí tí ó gbé ibẹ̀ jẹ. Ẹni tí kò gbé ibẹ̀ rí yóò kọ nípa ìjì, ọkọ̀ tí ó dojú dé àti igbe ẹkún, nítorí pé ohun tí ó ti gbọ́ nípa òkun nìyẹn. Ọmọ etí omi ní tirẹ̀ yóò ní, "Òkun dákẹ́, kò sí nǹkan kan tí ó ṣẹlẹ̀." Yóò kọ gbólóhùn mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ yóò sì tán lẹ́nu rẹ̀. Mo ti rí oríṣi méjèèjì nínú ìwé tí mo yẹ̀ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún, máàkì wọn kì í sì í jìnnà sí ara wọn. Oríṣi kẹta wà tí ó burú jù: ẹni tí ó kọ nípa ìgbà ìrúwé àti òdòdó etí òkun nítorí pé ó kà á nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ìgbà òjò ni àwa ní. Kọ ohun tí ó wà nílẹ̀ wa.

Wo ìbéèrè náà dáradára. "Ṣe àpèjúwe" ni ó sọ, kò ní kí o pìtàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn kékeré lè wọ inú rẹ̀. Olùdánwò fẹ́ rí ohun tí o rí, kí ó sì gbọ́ ohun tí o gbọ́. Wo "ọ̀sẹ̀ kan" pẹ̀lú. Kì í ṣe ọjọ́ kan. Ohun tí ó yí padà láti ọjọ́ kan sí èkejì ni egungun àròkọ rẹ, nítorí pé kò sí omi tí ó ń rí bákan náà fún odidi ọjọ́ méje.

Kí a tó gbé kálàmù, ó yẹ kí a mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Ní etí òkun wa láti Badagry dé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí, afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Ní òru, ilẹ̀ a máa tutù ju omi lọ, afẹ́fẹ́ a sì máa ti orí ilẹ̀ fẹ́ jẹ́jẹ́ lọ sí ojú omi títí di òwúrọ̀. Nígbà tí oòrùn bá ga, ilẹ̀ a gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ a sì yí padà, a máa ti orí òkun fẹ́ wọ ilẹ̀, ní pàtàkì láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Ìdí nìyí tí apẹja fi ń jáde ní ìdájí tí ó sì ń padà ní ọ̀sán: afẹ́fẹ́ àárọ̀ ń tì í lọ, ti ọ̀sán ń tì í bọ̀. Àwọn tí ń lo ìgbòkun mọ èyí ju àwọn tí ń lo ẹ́ńjìnnì lọ, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì pàápàá a máa jẹ epo púpọ̀ bí ó bá dojú kọ afẹ́fẹ́.

Ìgbì tún yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ lè má fẹ́ rárá ní Èkó, kí ìgbì ńlá sì máa lu iyanrìn. Ìgbì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ ibí. Ìjì tí ó jà ní apá gúúsù òkun Àtìláńtíìkì ni ó bí i, ó sì ti rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni ó máa ń le jù, nítorí pé ìgbà òtútù ni ó jẹ́ lọ́hùn-ún nígbà náà.

Omi pàápàá a máa kún lẹ́ẹ̀mejì, a sì máa fà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Ìdí nìyẹn tí wákàtí kíkún rẹ̀ ti òní kì í fi í ṣe ti ọ̀la. Ní Èkó, ìyàtọ̀ láàárín omi kíkún àti omi fífà jẹ́ nǹkan bí mítà kan. Nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé àti nígbà tí ó bá di àrànmọ́jú, omi a kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, a sì fà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí òṣùpá bá di ìlàjì, a rọ̀. Ọdún Àjíǹde a máa bọ́ sí ẹ̀yìn òṣùpá àrànmọ́jú, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé Àjíǹde sábà máa ń jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí omi ń rọ̀.

Ó ku ohun kan. Oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ni ìgbà ìjì òjò àkọ́rọ̀. Láti ìlà-oòrùn ni ìjì yìí ń ti í wá, kì í ṣe láti ojú òkun. Kí ó tó dé, afẹ́fẹ́ a máa dá pátápátá, ooru a mú, ojú omi a sì tẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò kọlu ni láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé àkókò tí òkun dákẹ́ jù lọ lè jẹ́ àkókò tí ewu súnmọ́ jù lọ.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí. Nígbà tí mo ń kọ́ni ní etí ọ̀sà, ọmọ kan kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ̀ pé, "Omi tí ó dákẹ́ kò ní ewu." Èdè rẹ̀ dán, mo sì fún un ní máàkì tí ó dára. Ní ọjọ́ tí àwọn òbí wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn, bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ apẹja ní kí ọmọ ka ìwé náà sí òun létí. Nígbà tí ó kà á dé ibẹ̀, bàbá náà yíjú sí mi, ó ní, "Tíṣà, ta ni ó kọ́ ọmọ mi ní irọ́ yìí?" N kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bèèrè bóyá ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ jẹ́ òótọ́ kí n tó wo bí ó ṣe kọ ọ́.

Ní ti ìlapa èrò, má ṣe pín ọjọ́ méje sí ìpínrọ̀ méje. Yóò dà bí ìwé ìforúkọsílẹ̀ kíláàsì. Mú ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí nǹkan yí padà, kí o sì sinmi lé èyí tí ó ní ọ̀rọ̀ jù. Ẹ ka àpẹẹrẹ yìí.

ÀRÒKỌ ÀWÒṢE

Orímẹ́dú ni wọ́n bí ìyá mi sí. Ìlú apẹja ni, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí, lórí ilẹ̀ tí òkun wà ní gúúsù rẹ̀ tí ọ̀sà sì wà ní àríwá rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé ọdún Àjíǹde tí ó kọjá, mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ bàbá mi àgbà, ẹni tí ó ti ń tukọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tí mo dé, àmì omi ńlá ṣì wà nílẹ̀. Omi òṣùpá àrànmọ́jú ti gun iyanrìn dé ìdí àgbọn, ó sì to ìtì igi àti èèpo àgbọn jọ síbẹ̀ bí ẹni pé ènìyàn ni ó gbá wọn jọ. Ìgbì ṣì ń fọ́ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta kí ó tó dé ilẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n fẹ́ ti ọkọ̀ sómi, Bàbá na ọwọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn dúró. Ó ń ka ìgbì. Àwọn ńlá a máa tẹ̀lé ara wọn wá, àwọn kéékèèké a sì tẹ̀lé wọn. Bí àwọn ńlá ti kọjá, ó kígbe pé, "Ó yá!" Ọkùnrin mẹ́fà ti ọkọ̀ wọ inú omi, wọ́n sì bẹ́ sínú rẹ̀ kí ìgbì mìíràn tó dé.

Láti Ọjọ́rú ni òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Ohùn rẹ̀ tí ó ń jí mi lóru rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ àkùkọ ilé kejì. Ẹsẹ̀ kan péré ni ìgbì ń fọ́, kò sì ga ju orúnkún mi lọ. Láàárọ̀, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ ń gbé òórùn ẹja yíyan lọ sójú omi. Lọ́sàn-án, ti òkun ń gbé iyọ̀ wá síni lẹ́nu. Nítòsí ilẹ̀, omi rí bí èyí tí a fi ṣan ìkòkò. Lókèèrè, ó dúdú bí aró.

Mo bá wọn lọ ní Ọjọ́bọ̀. Bàbá kò jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù ìléfòó. Ọkọ̀ kò mì. Bọ̀dá Ṣẹ́gun, àbúrò ìyá mi, gbé ife tíì lé orí pákó ìjókòó, ẹ̀kán kan kò sì dà. Ẹja pọ̀ nínú àwọ̀n. Kí a tó gúnlẹ̀ ni a ti ń gbọ́ orin àwọn obìnrin tí ń dúró dè wá pẹ̀lú abọ́.

Ní òru ọjọ́ náà, mànàmáná ń kọ ní ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ààrá. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, ewé àgbọn kan kò mì. Òkun tẹ́ bí ẹní. Bọ̀dá Ṣẹ́gun ti ra epo àti yìnyín ní àwìn, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni owó àjẹṣẹ́kù rẹ̀ sì pé.

Ó ní, "Bàbá, ẹ wo omi o! Ọjọ́ wo ni a tún máa rí irú èyí?"

Bàbá dáhùn pé, "Omi ni ìwọ ń wò, òkè ni èmi ń wò. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ kò jí lónìí, mànàmáná kò sì sùn lánàá. N kò lọ."

Bọ̀dá mú fóònù rẹ̀ jáde, ó fi àwòrán oòrùn tí ó wà nínú rẹ̀ han Bàbá. Bàbá kò bá a jiyàn. Ó jókòó ti ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí tún àwọ̀n ṣe. Bọ̀dá fi ẹsẹ̀ gbá iyanrìn, ó lọ sílé, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ tí ìyá mi àgbà gbé fún un. Ọkọ̀ mẹ́rin mìíràn jáde. Mo ń wò wọ́n títí wọ́n fi kéré bí kòkòrò. Kí n má purọ́, mo rò pé ogbó ni ó ń dààmú Bàbá.

Agogo méjìlá kọjá díẹ̀ nígbà tí apá Lẹ́kìí ṣú. Ìkùukùu náà dúró bí ògiri dúdú tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun. Òkun kò tíì mì. Lójijì, afẹ́fẹ́ tútù kan gbá wa lójú, ìjì sì dé. Orí ìgbì fọ́ funfun káàkiri, òjò bo gbogbo rẹ̀, a kò sì rí etí omi mọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ọkọ̀ mẹ́ta ti sáré wálé kí ó tó dé. Ẹ̀kẹrin kò dé. Ìjì náà kò ju wákàtí kan lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú kí a tó gbọ́ pé ó ti gbé wọn lọ sí abúlé kan ní ìwọ̀-oòrùn, pé àwọn márààrún wà láàyè, àti pé wọ́n gé àwọ̀n wọn dànù kí ọkọ̀ má baà rì. Bọ̀dá Ṣẹ́gun ni ó kọ́kọ́ gbéra láti lọ kó wọn wálé.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, òkun tún tẹ́. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ ti ń fẹ́ láti ìdájí. Bàbá wo òkè, ó wo omi, ó ní kí wọ́n ti ọkọ̀. Ó ti yá àwọn ọlọ́kọ̀ kẹrin ní ìdajì àwọ̀n rẹ̀. Gbèsè Bọ̀dá sì ń dúró de ohun tí ìdajì kejì yóò mú bọ̀.

ÀKÍYÈSÍ

Ẹ rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò pe òkun ní "rọ́rọ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó fi ohùn àkùkọ, ìwọ̀n orúnkún àti ife tíì fi bí ó ti rọ̀ tó hàn. Ìjì gba ìpínrọ̀ kan péré, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀sẹ̀ tí òkun dákẹ́ ni ìbéèrè dá lé. Ibi kan wà tí mo lè bá a jà: kò sọ ohun kan nípa ọ̀sà tí ó dárúkọ níbẹ̀rẹ̀. Ní ti fóònù, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé mo ní kí a kẹ́gàn ìkéde ojú ọjọ́. Àjọ NiMet a máa kìlọ̀ nípa ìjì òjò. Àwòrán oòrùn kékeré kan kì í ṣe ìkìlọ̀ náà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìkéde tí ó sì tún wo òkè ni mo fẹ́ bá wọ ọkọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àmì ohùn nínú àròkọ yìí ju ti ibòmíràn lọ. Òkun ni omi ńlá, okùn ni a fi ń so ọkọ̀, okun ni agbára. Ọkọ̀ ni a ń tù, ọkọ́ ni a fi ń roko, ọkọ ni ó ni ìyàwó. Àwọ̀n ni a fi ń pẹja, àwọn ni a ń lò fún ènìyàn púpọ̀. Mo ti ka ìwé ọmọ kan tí ó kọ ọ́ pé ìgbì gbé "ọkọ" ìyá òun lọ, ọkọ̀ rẹ̀ ni ó ń sọ.

Ìdánrawò: Kọ àròkọ lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí. (a) Òwúrọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan ní èbúté tí o mọ̀. (b) Ọjọ́ ọjà kan ní ìlú etí ọ̀sà nígbà tí omi kún. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, kọ ohun márùn-ún tí etí rẹ gbọ́ níbẹ̀ sílẹ̀.