Yíya Ikú Sórí Àtẹ: Ṣe Èyí, Má Ṣe Tọ̀hún

Iye ikú wà lọ́wọ́ rẹ, o fẹ́ yà á. Ó yá.

Ṣe: Fi ọdún sí ìbú, ọjọ́ orí sí òòró, kí àwọ̀ sọ bí ikú ṣe pọ̀ tó. Wilhelm Lexis, ará Jámánì, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àtẹ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan kọ́ ló ronú kàn án.
Má ṣe sọ ọ́ di òkè àti àfonífojì. Luigi Perozzo ya irú rẹ̀ fún iye ènìyàn Sweden ní 1880. Ó rẹwà, àmọ́ òkè iwájú a máa bo ti ẹ̀yìn.

Ṣe: Jẹ́ kí ọdún kan lórí ìbú gùn tó ọdún kan lórí òòró. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bí lọ́dún kan náà á wá máa gun ìlà tó dagun lọ.
Má ṣe na àwòrán torí kó lè kún ojú ìwé.

Ṣe: Lo òṣùwọ̀n log (logarithm) fún àwọ̀. Ìwọ̀n ikú ẹni 90 ọdún lè fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ju ti ọmọ ọdún 10 lọ.
Má ṣe kun ún bí òṣùmàrè, kí ojú má baà rí ààlà níbi tí kò sí.

Ṣe: Mọ ìlà. Èyí tó nà ní òòró, ọdún burúkú ni: Sweden 1773, ìyàn; 1918, àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn tó pa àwọn ọ̀dọ́. Èyí tó dagun, ẹgbẹ́ kan ló ni ín: àwọn obìnrin Denmark tí wọ́n bí láàárín ogun àgbáyé méjèèjì, sìgá ló fà á.
Má ṣe gba ìlà ìbú tó bọ́ sórí 30, 40, 50 gẹ́lẹ́ gbọ́. Níbi tí a kò ti kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀, iye tó parí sí òdo tàbí márùn-ún ni àwọn ènìyàn máa ń gbé ọjọ́ orí wọn lé. Ìkànìyàn Nàìjíríà kún fún un.

Ṣe: Fura sí ìlà tínínrín tó dagun, tó sì dá dúró. Yẹ ìbí ọdún náà wò, oṣù sí oṣù. Ní England àti Wales, ìbí kéré níbẹ̀rẹ̀ 1919. Àwọn ọmọ ogun délé láti Ogun Àgbáyé Kìíní, ìbí rọ́ dé lápá ìparí ọdún. Ìṣirò tó gbà pé ìbí pín dọ́gba káàkiri ọdún wá ṣi àwọn alààyè kà, àṣìṣe náà sì tẹ̀ lé ẹgbẹ́ ọ̀hún dé ọjọ́ ogbó. Human Mortality Database, àkójọ iye ikú ti onírúurú orílẹ̀-èdè, ti fi ìbí oṣù-sí-oṣù tún tirẹ̀ ṣe.
Má ṣe sáré kọ ìtàn nípa ẹgbẹ́ tí ogun sọ di aláìlera.

Ṣe: Kọ ibi tí iye náà ti wá. Ti Sweden nínú Human Mortality Database bẹ̀rẹ̀ ní 1751.
Má ṣe pe ìfojúdá ní àkọsílẹ̀. Èyí tó bá ń dán jù, bi í léèrè.

Ṣe: Ya ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀.
Má ṣe pò wọ́n pọ̀ lásìkò ogun, pàápàá jù lọ.