Ìṣirò Ẹni Tó Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Google

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wá ìròyìn ilé lórí Google, tí a ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló wá ń san owó oṣù akọ̀ròyìn?

Ẹjọ́ tí àwọn oníwèé ìròyìn ń rò nìyẹn. Wọ́n ní Google ń pàtẹ àkọlé ìròyìn àwọn àti gbólóhùn díẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń rí owó ìpolówó jẹ. Wọ́n lè kọ̀ fún un. Fáìlì kékeré kan wà, robots.txt lorúkọ rẹ̀, tí onílé fi ń sọ fún Google pé kó má wọlé. Fáìlì náà kò náni ní kọ́bọ̀. Ìnáwó rẹ̀ ń bẹ níbòmíràn.

Ẹ wo Jámánì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, òfin kan bẹ̀rẹ̀ tó fún àwọn oníwèé ìròyìn lẹ́tọ̀ọ́ láti gbowó lórí irú àyọkà bẹ́ẹ̀. Google kò san. Ó ní ẹni tí kò bá yọ̀ǹda lọ́fẹ̀ẹ́, àkọlé nìkan lòun yóò fi hàn. Ọ̀pọ̀ yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n Axel Springer tó ni Die Welt ní òun kò gbà, lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì òun mẹ́rin.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2014. Òǹkàwé tó ń gba ojú ìwákiri Google wọlé fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ti Google News fi nǹkan bí ìdá 80 dín kù. Ilé iṣẹ́ náà ṣírò pé bó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, àdánù ojúlé kọ̀ọ̀kan lọ́dún yóò wọ mílíọ̀nù Yúrò. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n yọ̀ǹda.

Èmi gan-an, ẹ̀yìn wọn ni mo wà kí n tó rí ìṣirò yìí. Oníbàárà tí ẹlòmíràn ń rán síni lọ́fẹ̀ẹ́ kì í ní rìsíìtì, nítorí náà a kì í kọ ọ́ sínú ìwé owó títí a ó fi pàdánù rẹ̀.

The Times ti London gba ọ̀nà mìíràn. Lọ́dún 2010 ó ní kí òǹkàwé máa sanwó, kò sì jẹ́ kí Google rí inú òun. Àwọn tó ń sanwó ló gbé e ró. Síbẹ̀, lọ́dún 2012, ó ṣí gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Lọ́dún 2023, The New York Times ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀rọ OpenAI tó ń kó ọ̀rọ̀ jọ, ó sì gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù kejìlá. Ìṣirò ti ìyẹn yàtọ̀, torí ẹni tí ẹ̀rọ bá ti dá lóhùn kì í sábà wá wo ìwé ìròyìn mọ́. Google ní tirẹ̀, wọn kò tì í síta.