Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Olóúnjẹ: Tòmátì Tí Adùn Rẹ̀ Ti Inú Ara Rẹ̀ Wá

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yin tí ẹ ń se oúnjẹ tà ni ẹ̀kọ́ yìí kàn jù lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹ́ náà má ṣe ṣí i kọjá. Àwọn kan nínú wa yá owó ẹgbẹ́ láti fi ṣí ilé oúnjẹ ní agbègbè Ìkẹjà àti Agége. Ní Computer Village, láti Òtígbà títí dé Pepple àti Medical Road, àwọn tí ń tún fóònù ṣe àti àwọn tí ń ta kọ̀ǹpútà kì í ráyè lọ jẹun nílé. Láàárín agogo méjìlá sí méjì ọ̀sán ni wọ́n ń wọ́ dé, oníkálukú sì mọ ibi tí ọbẹ̀ ti dùn. Bí ọbẹ̀ bá kan lónìí, oníbàárà kì yóò jà. Yóò kàn yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ́la. Àsanpadà owó ẹ̀yáwó kò sì ní dúró dè é kí ó padà wá.

Bí ọbẹ̀ bá kan, ọ̀pọ̀ alásè a bu ṣúgà sí i, àwọn mìíràn a ju káún sí i. A ó dé orí méjèèjì. Ṣùgbọ́n adùn tí ó wà nínú tòmátì fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ wá, nítorí pé a ti san owó rẹ̀ tán lọ́jà.

Nínú 10 kílò tòmátì, omi nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò mẹ́sàn-án àbọ̀. Ṣúgà inú rẹ̀ tó nǹkan bí 250 sí 400 gíráàmù, ohun kíkan rẹ̀ sì tó nǹkan bí 40 sí 50 gíráàmù. Ẹ rí i pé ṣúgà ni ó pọ̀ jù, síbẹ̀ ahọ́n a máa tètè mọ kíkan. Tòmátì dídùn kì í ṣe èyí tí kò kan rárá. Ṣúgà rẹ̀ ni ó borí. Èyí tí kò ní kíkan kankan a máa tẹ́ lẹ́nu.

Orí igi ni tòmátì ti ń kó ṣúgà jọ. Kò dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a bẹ́ ní tútù ní sítáàṣì púpọ̀ nínú, èyí sì ni ó ń di ṣúgà bí ó ti ń pọ́n nínú ilé. Tòmátì tí a já ní tútù yóò pupa lóòótọ́, ṣùgbọ́n sítáàṣì inú rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì rí ibi tí yóò ti mú ṣúgà mìíràn wá. Láti Kánò dé Èkó tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, nítorí náà àwọn àgbẹ̀ a máa já púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ó tó pọ́n tán, kí ó lè fara da ìrìn àjò. Ẹ̀bi tiwọn kọ́.

Oríṣi kóró náà ṣe pàtàkì. Ní 1962, Hugh Iltis àti Donald Ugent rí tòmátì igbó kan ní ilẹ̀ Peru, ó kéré, àwọ̀ ewé ni ó sì ní, kò wu ojú rárá. Wọ́n fi kóró rẹ̀ ránṣẹ́ sí Charles Rick ní Yunifásítì California ní Davis. Rick mú kí òun àti tòmátì oko bí ọmọ pọ̀, àwọn ọmọ náà sì ní ṣúgà ju tòmátì oko lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá ń ra kóró, ẹ máa béèrè adùn rẹ̀, kí ẹ má wo ìtóbi nìkan.

Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ ní ọjà wa. Èkíní gùn bí ẹyin, ara rẹ̀ nípọn, kóró rẹ̀ kò pọ̀. Òkè Ọya ni ó ti ń wá. Èkejì ni àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa níhìn-ín ń gbìn: ó rí roboto, ara rẹ̀ ní ilà-ilà, omi àti kóró sì kún inú rẹ̀. Èyí ni ó kan jù, nítorí pé omi yíyọ̀ tí ó yí kóró ká ni kíkan pọ̀ sí, ṣúgà sì pọ̀ sí ara tí ó nípọn. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n sì ń fún gbogbo omi àti kóró dànù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2007, àwọn olùwádìí Yunifásítì Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé inú omi yíyọ̀ yìí kan náà ni ohun tí ń mú ọbẹ̀ dùn bí omi ẹran pọ̀ sí. Ẹni tí ó bá dà á nù tán yóò fi magí dí i, owó mìíràn nìyẹn. Ẹ po oríṣi méjèèjì pọ̀, kí ti Òkè Ọya jẹ́ ìlọ́po méjì ti ilé.

Ẹ má ṣe kó tòmátì tútù sínú fíríìjì bí ẹ bá fẹ́ lò ó láàárín ọjọ́ méjì. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2016 fi hàn pé òtútù fíríìjì kò dín ṣúgà rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ó ń pa òórùn rẹ̀, òórùn yìí sì jẹ́ apá kan nínú ohun tí ahọ́n ń pè ní adùn. Ẹ tẹ́ ẹ sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kí ẹ sì ṣa èyí tí ó ti fọ́ kúrò lójoojúmọ́.

Nísinsìnyí kí á wọ ilé ìdáná. Sí kílò mẹ́rin tòmátì, ẹ fi kílò kan tàtàṣé pupa àti kílò kan àlùbọ́sà. Ata rodo, bí oníbàárà bá ti fẹ́. Tàtàṣé àti àlùbọ́sà ní ṣúgà ju tòmátì lọ, wọn kò sì kan tó o. Ẹ lọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ yọ ìdajì àlùbọ́sà sílẹ̀. Ẹ gbé ata náà kaná nínú ìkòkò ẹlẹ́nu gbígbòòrò, ẹ má dé e, ẹ má sì da òróró sí i. Ìkòkò tí ó jìn tí ẹnu rẹ̀ há ń jẹ gáàsì lásán, nítorí pé ooru omi kò rí ọ̀nà jáde.

Bí omi bá ti ń gbẹ, ṣúgà àti kíkan ni wọ́n jọ ń pọ̀ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbígbẹ nìkan yóò pa kíkan. Nígbà tí ó bá ki, ẹ gbé òróró kaná lọ́tọ̀, kí ẹ gé àlùbọ́sà tí ó kù sí i, kí ẹ sì fi iná kékeré dín in títí yóò fi pọ́n. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da ata sí i. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú ata, ooru rẹ̀ kò lè fi bẹ́ẹ̀ kọjá ti omi híhó. Ìgbà tí omi bá tán ni òróró yóò tó mú ṣúgà inú ata pọ́n, adùn tuntun yóò sì jáde. Etí yóò sọ fún yín: yóò kúrò ní pọ́kọ́-pọ́kọ́, yóò di ṣíì, òróró yóò sì léfòó. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti fi iyọ̀ sí i, kí ẹ tó tọ́ ọ wò.

Bí ó bá ṣì kan, ṣúgà díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bo kíkan ni, kò yọ ọ́ kúrò. Káún ń pa kíkan ní tòótọ́. Bí ó bá pọ̀, ọbẹ̀ a tẹ́, fítámì C inú rẹ̀ a sì bàjẹ́. Ohun kan ṣì wà tí ó léwu jù: kíkan yìí ni ó ń ṣọ́ tòmátì inú ìgò. Ẹni tí ó bá ti fi káún sí i kò gbọdọ̀ rọ ọ́ sínú ìgò pa mọ́, nítorí májèlé lè hù níbẹ̀ láìrùn. Ẹlòmíràn a béèrè àgbáyun. Ahọ́n ni àgbáyun ń yí padà, kì í ṣe ọbẹ̀, iná sì ń ba agbára rẹ̀ jẹ́.

Ó ku ti owó. Ní 2016, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde ìpàjáwìrì nítorí kòkòrò Tuta absoluta tí ó jẹ oko tòmátì run. Ní àárín ọdún 2024, apẹ̀rẹ̀ ńlá kan ní Mile 12 ju ₦100,000 lọ. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, èyí tí ó fọ́ nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ni ó ń jẹ èrè. Ká ní apẹ̀rẹ̀ kan jẹ́ ₦60,000, ó sì jẹ́ 40 kílò: ₦1,500 ni kílò kan. Bí kílò mẹ́wàá bá ti fọ́, ₦2,000 ni a ra kílò tí ó kù. Ká ní èyí tí wọ́n kó sínú kéréètì oníke jẹ́ ₦70,000 fún 40 kílò kan náà, tí kílò méjì péré sì fọ́: nǹkan bí ₦1,842 ni. Èyí tí a pè ní ọ̀wọ́n ni ó pọ́ọ́kú. Olóúnjẹ kan ṣoṣo lè má rí ₦70,000 kó sílẹ̀ láàárọ̀ kan. Mẹ́rin lè dá a, kí wọ́n rán ẹnì kan sí Mile 12 tàbí Ilé-Epo ní ìdájí, kí wọ́n sì pín in lórí òṣùwọ̀n. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú orúkọ àwọn olóúnjẹ tí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, pẹ̀lú iye kílò tí oníkálukú ń lò lọ́sẹ̀.