Bí A Ti Ń Kó Ẹja Ọ̀sìn Lọ Sí Ilé Tuntun

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sin ẹja nílé: àwọn kan ń sin ẹja kéékèèké aláràbarà nínú àpótí onídígí fún ẹwà, àwọn mìíràn ń sin àrọ̀ nínú táǹkì oníke ní ẹ̀yìnkùlé fún jíjẹ àti fún títà. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kó lọ sí ilé mìíràn, ẹja a máa dé ibẹ̀ láàyè, a sì máa lúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ní bí ọjọ́ kẹta, wọn a kú, wọn a léfòó. Àwọn aládùúgbò a wí pé ọwọ́ ayé ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó pa wọ́n ní ìdí, a sì lè yẹra fún un.

Láti ara ẹja àti láti inú àjẹkù oúnjẹ rẹ̀ ni májèlé kan tí a ń pè ní amóníà ti ń jáde sínú omi. Àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí ojú kò lè rí ni ó ń sọ ọ́ di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ara òkúta wẹ́wẹ́, ara àpótí àti inú fóòmù tí ń sẹ́ omi ni wọ́n lẹ̀ mọ́. Bí a bá fi omi ẹ̀rọ tí ó ní kiloríìnì fọ ìwọ̀nyí, tàbí tí a sá wọn títí wọ́n fi gbẹ, àwọn kòkòrò rere náà yóò kú. Ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí wọ́n tó pọ̀ padà. Omi lè mọ́ gaara lójú, kí májèlé sì ti kún un. Ìmọ́tótó tí kò ní òye ni ó pa ẹja náà.

Èkíní, ṣáájú ìrìn-àjò. Ẹ má ṣe fún ẹja ní oúnjẹ fún odidi ọjọ́ kan, nítorí ẹja tí ó yó a máa ba omi tí a fi gbé e jẹ́ kíákíá.

Èkejì, ní ọjọ́ ìkólọ. Ẹ rìn ní kùtùkùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nítorí omi gbígbóná kì í gba atẹ́gùn púpọ̀ mọ́ra. Ẹ bu omi àtijọ́ sínú garawa tí ọṣẹ kò kàn rí, ẹ kó ẹja sí i, kí ẹ sì fi ìdérí oníhò dé e. Bí ó bá jẹ́ àpò ọ̀rá ni, kí omi gba ìdá kan nínú mẹ́ta, kí atẹ́gùn gba ìdá méjì yòókù. Àrọ̀ a máa yọjú sókè láti mí. Nítorí náà ẹ má ṣe kún garawa rẹ̀ dé ẹnu. Ẹ má sì ṣe kó àrọ̀ ńlá àti kékeré pọ̀, kí ńlá má bàa gbé kékeré mì. Ẹ rẹ òkúta àti fóòmù sínú omi àtijọ́. Ẹ má ṣe gbé àpótí onídígí tòun ti omi: omi lítà 100 wúwo tó kílò 100, ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì méjì, dígí a sì máa là.

Ẹ̀kẹta, nígbà tí ẹ bá dé. Ẹ gbé àpótí sí ibi títẹ́jú, kí ẹ dá òkúta, fóòmù àti omi àtijọ́ padà sí i. Bí omi ẹ̀rọ ni ẹ ó fi kún un, ẹ ti pọn ọ́n sílẹ̀ láìdé e láti ọjọ́ kan ṣáájú, kí kiloríìnì lè fò lọ. Ẹ jẹ́ kí àpò ọ̀rá léfòó nínú àpótí fún ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ máa bu omi àpótí sí i díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ wá fi àwọ̀n gbé ẹja sínú àpótí, kí ẹ da omi ìrìn-àjò nù.

Ẹ̀kẹrin, ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹ má ṣe bọ́ wọn ní ọjọ́ tí wọ́n dé. Lẹ́yìn èyí, kí oúnjẹ wọn mọ ní ìwọ̀nba. Bí ẹja tí kì í ṣe àrọ̀ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ lókè omi, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà láìfi falẹ̀.

Omi ni ilé ẹja. Ẹni tí ó kó ẹja nìkan lọ ti fi ilé wọn sílẹ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí ó kó omi, òkúta àti fóòmù pẹ̀lú wọn ni ó kó wọn lọ ní tòótọ́.