Àgbo Tàbí Òògùn Dókítà? Ìtọ́jú Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Nínú Ilé Mùsùlùmí



Ní Alímòṣọ́ wa níbí, láti ọjà Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìgándò, ìyá alágbo kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Àgbo ibà wà, ti jẹ̀díjẹ̀dí wà, ti ara ríro náà wà. Àgbo ni wọ́n fi tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà, a kò sì kórìíra ewé, nítorí Ọlọ́hun ló dá a. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọkàn ni àìsàn ti mú èèyàn, ewu wà nínú kí á kàn gbé ìgò tó bá sún mọ́ wa jù. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ àìsàn náà

Ìbànújẹ́ nìkan kì í ṣe àìsàn. Ẹni tí ọjà rẹ̀ jóná yóò banújẹ́, bí ọjọ́ sì ti ń lọ, ara rẹ̀ á máa fúyẹ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni a ń sọ nígbà tí ìsoríkọ́ bá wà lára èèyàn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́ ọn mọ́, oorun rẹ̀ dàrú, oúnjẹ kò wù ú, ó ń rẹ̀ ẹ́, ó sì ń rí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò wúlò. Àwọn mìíràn kì í sọ pé inú àwọn bàjẹ́. Wọ́n á ní orí ń gbóná, tàbí pé nǹkan ń rìn lára àwọn.

Èyí kì í ṣe àmì àìnígbàgbọ́. Ànọ́bì Yaʿqūb sunkún nítorí Yūsuf títí ojú rẹ̀ fi funfun. Al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí tó kú ní ọdún 934, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ lórí ìlera ara àti ọkàn pé ìbànújẹ́ tí a mọ ìdí rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a kò rí ìdí rẹ̀, àti pé inú ara gan-an ni ìkejì yìí ti lè wá.

Ohun tí ẹ̀sìn wa sọ

Nígbà tí àwọn ará aṣálẹ̀ bi Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bóyá kí àwọn máa wá ìwòsàn, ó ní kí wọ́n wá a. Hadiisi mìíràn sọ pé ẹni tó bá ń tọ́jú èèyàn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n mọ iṣẹ́ ìwòsàn, òun ni yóò dáhùn fún ohun tó bá bàjẹ́. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni kí á máa bi lórí òògùn gbogbo, ìbáà jẹ́ ewé tàbí oníhóró: Kí ló wà nínú rẹ̀? Ṣé ẹni tó fún wa mọ àìsàn yìí?

Ẹ̀kọ́ tí asofẹ́yẹjẹ kọ́ wa

Láti ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti ń tọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Àró, l'Ábẹ́òkúta. Ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ náà. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé ní ọdún 1960 lórí bí àwọn oníṣègùn wa ṣe ń fi asofẹ́yẹjẹ wo wèrè. Òótọ́ ni pé ewé náà lágbára. Èròjà kan tó ń jẹ́ reserpine wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ rí yọ ní ọdún 1952 láti ara irú igi náà tó wà ní Íńdíà. Ó ń rọ ara ẹni tó ń jà, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn dókítà tó ń fún aláìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru ní reserpine ṣàkíyèsí pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń mú àwọn kan nínú wọn. Ó máa ń dín àwọn èròjà tó ń jíṣẹ́ nínú ọpọlọ kù, irú bíi serotonin, nígbà tí òògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ń ṣiṣẹ́ kí irú èròjà bẹ́ẹ̀ má baà tètè lọ. Abájọ tí wọ́n fi kìlọ̀ pé kí ẹni tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì má lo reserpine.

Ẹ wo ibi tí ewu wà. Bí ẹni tó ń pariwo bá mu àgbo tó dákẹ́, ilé á ní ó ti sàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìdákẹ́ náà wà lára àìsàn rẹ̀. Bí àgbo bá tún mú un sùn sí i, a lè rò pé ó ń gbádùn nígbà tí àìsàn ń jinlẹ̀.

Òògùn dókítà náà ní òfin tirẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ìrẹ̀wẹ̀sì ló nílò òògùn oníhóró. Bí kò bá le, ìjókòó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, oorun déédéé àti ìrìn lójoojúmọ́ lè tó. Bí ó bá le, dókítà lè kọ fluoxetine tàbí amitriptyline. Wọn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan: ó tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ìyàtọ̀ tó hàn. Inú lè kọ́kọ́ máa rú, ẹnu lè gbẹ, oorun lè pọ̀ tàbí kó dínkù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ òògùn nù lásìkò yìí, tí wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Bí ara bá yá pàápàá, a máa ń lò ó fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i kí àìsàn má baà padà. Ẹ má dá a dúró lójijì, kí ojú má baà máa kọ́ yín. Dókítà ni yóò dín in kù díẹ̀díẹ̀. Nínú Ramadan, ẹ bi í bóyá ẹ lè lò ó nígbà sààrì tàbí ìṣínu.

Ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún

1. Ẹ má pa àgbo pọ̀ mọ́ òògùn dókítà láìsọ fún un. St John's wort, ewé òyìnbó tí wọ́n ń tà fún ìrẹ̀wẹ̀sì, lè di ewu ńlá bó bá pàdé fluoxetine. Ó tún lè sọ òògùn ìfètòsọ́mọbíbí di aláìlágbára.

2. Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ jẹ́ èèwọ̀ fún wa, ọtí sì máa ń dá kún ìrẹ̀wẹ̀sì.

3. Nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò àgbo kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti rí i dájú pé ó ń wo àìsàn. Ẹ ka ara ìgò náà: ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń ṣe wò.

4. Àdúà, kíké Al-Qur'ān àti rúkíyà ń fi ọkàn balẹ̀. Kí á ṣe wọ́n pẹ̀lú ìtọ́jú. Kí á má fi wọ́n dí ọ̀nà ilé ìwòsàn.

5. Kí ẹlòmíràn nínú ilé máa tọ́jú òògùn náà, nítorí amitriptyline tó bá pọ̀ jù lè pààyàn.

Ibo ni kí á lọ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìtọ́jú alábọ́dé tó wà ládùúgbò yín, tàbí ilé ìwòsàn ìjọba Alímòṣọ́ ní Ìgándò. Wọ́n lè darí yín sí LASUTH ní Ìkẹjà tàbí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tó ti wà láti ọdún 1907. Ẹ gbé ìgò àgbo tí ẹ ń lò dání. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ má bá a jà, ẹ gbé òògùn apakòkòrò kúrò nílé, kí ẹ sì pe 112 tàbí 767 lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé: Ta ló ti dákẹ́ jù nínú ilé wa láìpẹ́ yìí? Ìgbà wo la bi í léèrè kẹ́yìn? Òògùn wo ló ń lò tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?

Kí Ọlọ́hun Ọba fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà pípé. Āmīn.