Ọmọ Ọdún Mélòó Ni Ísáákì?

Ẹni tó bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ tàbí Ìdó, ì báà jẹ́ Áńgílíkà, Àgùdà tàbí CAC, ti gbọ́ ìtàn Ábúráhámù àti Ísáákì. Ábúráhámù fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ rúbọ, áńgẹ́lì dá a dúró, ó sì rí àgbò tí ìwo rẹ̀ há sínú igbó. Ó wà nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 22.

Àwọn Júù náà ń ka ìtàn yìí títí dòní. Ọjọ́ kejì Ọdún Tuntun wọn ni wọ́n máa ń kà á, wọ́n á sì fọn ìwo àgbò. Àwọn Àgùdà ń kà á ní alẹ́ tó ṣáájú Àjíǹde, nítorí Jésù ni àwa Kìrìsìtẹ́nì ń rí níbẹ̀: bí Ísáákì ṣe ru igi ẹbọ gun òkè ni Jésù ṣe ru àgbélébùú. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà tó kú ní ọdún 430, ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn Júù kò ka Májẹ̀mú Tuntun mọ́ Ìwé Mímọ́. Inú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni àwọn rábì wọn ń tú. Wọ́n bèèrè pé: ọmọ ọdún mélòó ni Ísáákì lọ́jọ́ náà? Sárà jẹ́ ẹni 90 ọdún nígbà tó bí i, ó sì kú ní ẹni 127, ní orí tó tẹ̀ lé e. Àwọn rábì àtijọ́ ní ìròyìn ẹbọ yìí ló pa á. A jẹ́ pé ẹni ọdún 37 ni Ísáákì. Géńdé ni! Arúgbó bí Ábúráhámù kò lè fi ipá dè é. Òun fúnra rẹ̀ ló gbà.

Ibn Ezra, olùkọ́ ará Sípéènì, kò fara mọ́ ọn. Ó ní bó bá jẹ́ géńdé ló jọ̀wọ́ ara rẹ̀, Ìwé Mímọ́ ì bá ti yìn ín. Lójú tirẹ̀, ọmọ bí ọdún 13 ni, baba rẹ̀ ló sì fi ipá dè é. Nínú Bíbélì ńlá tí àwọn Júù fi ń kẹ́kọ̀ọ́, àárín ojú ewé ni ẹsẹ Ìwé Mímọ́ wà, àlàyé àwọn olùkọ́ sì yí i ká, ti ẹni tó gbà àti ti ẹni tó takò. Wọn kì í pa ohùn ẹnikẹ́ni rẹ́. Èyí wú mi lórí púpọ̀.

Nítorí náà, oníwàásù tó bá ní àwọn Júù kò mọ ohun tí wọ́n ń kà kò sọ òótọ́. Ìgbàgbọ́ wa nínú Kristi kò ní kí a fi ojú kéré ẹ̀kọ́ wọn.

Kí a tó tún pàdé, ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì 17:17, orí 22 àti 23:1. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe ìṣirò náà, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ gbà fún wa.